Ìkìlọ̀ Gbèsè Iṣẹ́ Ilé Gbọ́dọ̀ Sọ Ilẹ̀ Tó Ń Tọ́ka Sí, Plọ́ọ̀tì Kọ̀ọ̀kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá bí ẹ ṣe ń gbé èdè wa lárugẹ. Awọnlẹ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni àwọn ìkìlọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ilé àti àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé máa ń sanwó fún yín láti tẹ̀ jáde, nínú èyí tí wọ́n ń sọ fún aráyé pé kí ẹnikẹ́ni má ra ilé tàbí ilẹ̀ kan nítorí pé owó iṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́rùn onílé. Mi ò lòdì sí ìkìlọ̀ náà rárá. Ẹni tó jẹ oníṣẹ́ lówó kò yẹ kó rí ilẹ̀ tà ní bòókẹ́lẹ́, kí ẹni tó rà á má sì gbọ́ nǹkan kan nípa gbèsè náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí, a kì í lè mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ náà bá wà lórí plọ́ọ̀tì tó ju ẹyọ kan lọ, tí ìwé sọ́fè wọn (ìwé tí awọnlẹ̀ ya àwòrán àti ìwọ̀n ilẹ̀ sí) kò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ nìyí: “Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé gbogbo ilẹ̀ àti ilé tó wà nínú ẹ́sítéètì Lágbájá, lójú títì Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà lábẹ́ gbèsè.” Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Orúkọ ẹ́sítéètì kì í sábà sí nínú ìwé ìjọba. Orí pátákó ẹnu ọ̀nà ló wà, ẹni tó gbé pátákó náà kọ́ sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Títì Ìlọrin gùn, ó sì la ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ kọjá. “Gbogbo ilẹ̀” kò sọ iye plọ́ọ̀tì, kò sọ ìwé sọ́fè, kò sì sọ ibi tí ilẹ̀ náà parí sí. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀ yóò rán agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgódi, n’Íbàdàn, láti yẹ̀wé wò, nọ́ńbà ìwé sọ́fè, nọ́ńbà C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) àti orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ ni agbẹjọ́rò náà yóò sì fi wá a. Kò ní í béèrè ẹ́sítéètì Lágbájá. Ìkìlọ̀ náà àti ilẹ̀ náà kò ní í pàdé láéláé.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kò ṣòro láti mọ bí iṣẹ́ ilé kan ṣe ń di orí ilẹ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990 ni àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí àdúgbò Under-G, Adénìkẹ́ àti àyíká wọn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ńlá kì í sábà rí ilẹ̀ tó tó o rà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Yóò ra plọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ ìdílé kan lọ́dún yìí. Bó bá ṣe díẹ̀, ìdílé tó bá wọn pààlà yóò ta ẹyọ kan fún un. Ẹni tó ti ra ti ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ yóò wá rí i pé agbára òun kò gbé e mọ́, yóò sì tà á fún un tòun ti ìwé sọ́fè rẹ̀. Awọnlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọn àwọn ilẹ̀ náà, ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ tó wà lórí wọn kò sì dọ́gba: ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìkejì ń jẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìkẹta ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ìkẹrin ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó tà á fún un. Ọ̀kan lè ti ní C of O, kí òmíràn má ní ju ìwé sọ́fè àti rìsíìtì ìdílé lọ. Lẹ́yìn náà ni fẹ́ńsì kan ṣoṣo yóò yí gbogbo rẹ̀ ká, pẹ̀lú géètì kan àti pátákó kan. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ilẹ̀ kan ni. Nínú ìwé, ilẹ̀ mẹ́rin ni, orúkọ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fi gbèsè lé e lórí gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń sọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ìyá oníbúlọ́ọ̀kù kan, ẹni tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, kó búlọ́ọ̀kù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí owó kò wọlé, ó ní kí wọ́n bá òun kọ ìkìlọ̀. Nọ́ńbà ìwé sọ́fè kan ṣoṣo ló wà nínú ìkìlọ̀ náà, èyí tó wà lórí ẹ̀dà tí fọ́máànù ibi iṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ló kó gbogbo ìwé náà wá sí ọ́fíìsì mi. Mo tẹ́ ìwé sọ́fè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, mo ń fi ibi tí pílà wọn (òpó kékeré tí awọnlẹ̀ ń rì mọ́ igun ilẹ̀) ti pàdé so wọ́n pọ̀, títí tí ìrísí fẹ́ńsì náà fi yọ jáde pátápátá. Nọ́ńbà tó wà nínú ìkìlọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti plọ́ọ̀tì iwájú, níbi tí kò sí ju ilé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ bá lọ wà lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn, tí nọ́ńbà sọ́fè tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ẹ̀yìn náà ti ní kí agbẹjọ́rò yẹ̀wé wò, kò rí ohunkóhun tó kan nọ́ńbà ilẹ̀ tó ń rà, ó sì ti sanwó. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá náà pàápàá kò purọ́: gbogbo búlọ́ọ̀kù tó kó lọ ló ní àkọsílẹ̀, fọ́máànù sì fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tó tọ́ka sí ni kì í ṣe ilẹ̀ tí ọjà rẹ̀ wà.

Mo tún yẹ àkọsílẹ̀ bó ṣe ń kó búlọ́ọ̀kù náà lọ wò, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ kí ọjọ́ ìkìlọ̀ tó pé. Lórí gbogbo wọn, “sáìtì” ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n gbé ọjà lọ. Kò sí èyí tó sọ plọ́ọ̀tì, kò sí èyí tó sọ ilé. Bí a tilẹ̀ fi nọ́ńbà sọ́fè tó tọ́ sínú ìkìlọ̀ tuntun, kò sí ìwé kankan tó lè jẹ́rìí pé iye báyìí lọ sí ilé ẹ̀yìn, iye báyìí lọ sí fẹ́ńsì, iye báyìí lọ sí ilé ẹ̀ṣọ́. Awakọ̀ tó já a sílẹ̀ mọ̀ ọ́n, bíríkìlà tó tò ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ti gbé àwọn yẹn lọ síbòmíràn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà plọ́ọ̀tì sí ara ìwé ìkẹ́rù kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe yanrìn, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe páànù.

Ó yẹ kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín mọ ìdí tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fi ń pa oníṣẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Mẹkáníìkì tó tún ọkọ̀ ṣe lè di ọkọ̀ náà mú títí tí wọn yóò fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Òfin mọ ẹ̀tọ́ yẹn. Bíríkìlà kò lè di ilé mú. Ohun tí a bá ti mọ mọ́ ilẹ̀ ti di ti ẹni tó ni ilẹ̀, oníbúlọ́ọ̀kù kò sì lè padà wá tú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò lára ògiri. A kò ní òfin kan ní Nàìjíríà tó fi ilẹ̀ ṣe ìdógò fún owó ẹni tó ṣiṣẹ́ ilé sórí rẹ̀. Bí oníṣẹ́ àti onílé bá tilẹ̀ jọ fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ ni yóò dúró fún owó, abala 22 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ń béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti fi yé wa ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, pé bí a bá fi ilẹ̀ dúró fún gbèsè láìgba ìyọ̀ǹda náà, àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ìkìlọ̀ inú ìwé ìròyìn kò so owó mọ́ ilẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó ta ẹni tó fẹ́ rà lólobó, kó mú onígbèsè wá sídìí ọ̀rọ̀, kó sì wúlò fún agbẹjọ́rò nígbà tó bá ń bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ náà kí ẹjọ́ tó parí. Agbára tó ní kò pọ̀. Bí ilẹ̀ tó ń tọ́ka sí bá tún wá ṣókùnkùn, a ti gba ìwọ̀nba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Níbi tí òfin ti fún oníṣẹ́ ilé ní ìdógò lórí ilẹ̀, wọn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1791, nígbà tí wọ́n ń kọ́ olú-ìlú tuntun tí à ń pè ní Washington, tí wọ́n sì fẹ́ kí ọkàn àwọn bíríkìlà àti káfíńtà balẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní òfin ìdógò tirẹ̀. Òfin Texas ní kí ìwé ìbúra tí oníṣẹ́ fi ń béèrè ìdógò ní àpèjúwe tó tó lójú òfin láti fi dá ilẹ̀ náà mọ̀. Òfin California àti ti Florida ń béèrè àpèjúwe tó tó láti fi mọ ibi iṣẹ́. Ní Ontario, ní Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ báyìí, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìjọba ló ní nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́sàn-án tirẹ̀, àpèjúwe inú ìwé ìdógò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ọ́fíìsì ilẹ̀ lè fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà gan-an. 60 ọjọ́ ni òfin ibẹ̀ fún oníṣẹ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Plọ́ọ̀tì tó bá gbàgbé láti kọ kí ọjọ́ náà tó pé lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pátápátá, bó ti wù kí iṣẹ́ tó ṣe síbẹ̀ pọ̀ tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn ju èyíkéyìí lọ ni ohun tí wọ́n ṣe nípa iṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ púpọ̀. Ní Ontario, bí onílé kan bá ṣe àdéhùn kan ṣoṣo fún iṣẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, oníṣẹ́ lè fi ìdógò kan náà lé gbogbo wọn lórí, àyàfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa dá dúró. Ní California, tí àwọn ilé náà bá jẹ́ ti onílé kan náà tàbí tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún oníṣẹ́, ìwé ìdógò kan lè kó wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ iye owó tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, ẹ̀yìn àwọn yòókù tí wọ́n jẹ lówó ni yóò tò sí. Ìyẹn ni pé ìwé kan lè tó fún ilẹ̀ púpọ̀, àmọ́ kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti owó rẹ̀.

Àwọn kan lè ní ohun tó rọrùn jù ni kí a da gbogbo plọ́ọ̀tì tó wà nínú fẹ́ńsì pọ̀ sínú ìkìlọ̀, kí a má baà fi èyí tó yẹ sílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nínú irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè ti ra plọ́ọ̀tì kan, kó ti san owó rẹ̀ tán, kó má sì jẹ oníṣẹ́ kankan ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tó bá gbé ìwé rẹ̀ lọ sí báńkì láti yá owó kọ́ ilé ni ìkìlọ̀ wa yóò yọjú sí i. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra plọ́ọ̀tì kan, ló ṣeé ṣe kí a ba orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nítorí gbèsè tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Òfin Ontario sọ pé ẹni tó bá fi ìdógò lé ilẹ̀, tó sì mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀, ni yóò san ohun tí ẹlòmíràn bá pàdánù nítorí rẹ̀. Ìdájọ́ òdodo nìyẹn lójú tèmi. Bí a bá ń fẹ́ kí òfin gbà wá lọ́wọ́ onígbèsè, àwa náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa di ẹrù ru aláìṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pínpín owó yìí ló ṣòro jù, kò sì yẹ kí a sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦6,000,000 ni wọ́n jẹ agbaṣẹ́ṣe kan lórí ilẹ̀ mẹ́rin, àti pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn gba ₦3,800,000 nínú rẹ̀, ilé ẹ̀gbẹ́ gba ₦1,200,000, ilé ẹ̀ṣọ́ iwájú gba ₦300,000, fẹ́ńsì tó yí gbogbo rẹ̀ ká sì gba ₦700,000. Mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ibo ni ti fẹ́ńsì yóò wà? Kò bójú mu kí a kó o lé plọ́ọ̀tì tí géètì wà lórí rẹ̀ kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni a ń gbà wọlé. Èyí tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí wọ́n wọn gígùn fẹ́ńsì tó wà lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi gígùn náà pín owó rẹ̀. Orí ilẹ̀ kẹrin, tí a kò tíì kọ́ nǹkankan sí, yóò wá gba ìwọ̀nba fẹ́ńsì tirẹ̀ nìkan. Ní ti títì inú ẹ́sítéètì, gọ́tà àti kànga ẹ̀rọ tí gbogbo ilé jọ ń lò, kò sí bí oníṣẹ́ ṣe lè dá a pín lẹ́yìn tí ìjà ti dé, tí ẹnikẹ́ni yóò sì gbà fún un. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀: bóyá ọgbọọgba ni, bóyá ìwọ̀n ilẹ̀ kálukú ni. Èyí tí wọ́n bá mú, kí ó ṣáà wà lákọọ́lẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé àpèjúwe ilẹ̀ kan ti tó? Àwọn adájọ́ ti fún wa ní òṣùwọ̀n kan tipẹ́tipẹ́. Ní 1938, nínú ẹjọ́ Baruwa àti Ogunshola, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń bèèrè ilẹ̀ ni kó fi ilẹ̀ tó ń bèèrè hàn kedere. Ní 1944, nínú ẹjọ́ Kwadzo àti Adjei, tó wá láti Gold Coast tó di Gánà lónìí, ilé-ẹjọ́ kan náà béèrè ìbéèrè tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ṣì ń béèrè títí di òní: bí awọnlẹ̀ kan bá mú ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ lọ́wọ́, ṣé yóò lè ya àwòrán ilẹ̀ náà bó ṣe rí gan-an? Ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ilẹ̀ ni wọ́n fi dá òṣùwọ̀n yìí sílẹ̀, àmọ́ mo rò pé kò sí èyí tó bá ìkìlọ̀ gbèsè mu jù ú lọ. Ìkìlọ̀ ilẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí awọnlẹ̀ tí kò dé ibẹ̀ rí lè kà, kó sì ya ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá lè yà á, a kò tíì sọ ilẹ̀ kankan.

Ohun tí yóò jẹ́ kó lè yà á kò fara sin. Ó wà lórí ìwé sọ́fè: nọ́ńbà ìwé náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, orúkọ awọnlẹ̀ tó fọwọ́ sí i, ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà, nọ́ńbà pílà kọ̀ọ̀kan, gígùn ààlà láti pílà kan dé òmíràn, àti bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó ní mítà onígun mẹ́rin. Mo tẹnu mọ́ ti mítà nítorí pé “plọ́ọ̀tì kan” kì í dọ́gba níbi gbogbo. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100 kò ju nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 465 lọ, èyí tó sì jẹ́ 60 ní 120 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 670. Mo tẹnu mọ́ ti pílà nítorí pé pèrègún tí àwọn bàbá wa fi pààlà, katakata ti hú púpọ̀ nínú wọn dànù lọ́jọ́ tí wọ́n wá fọ́ ilẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tó ń kọ́lé lẹ́yìn ìlú lè wà ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú plọ́ọ̀tì kan, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì ti bọ́ sí Sùúrùlérè tàbí Oríire.

Àṣà kan tún ti ń wọlé tí mo fẹ́ kí a tètè kíyè sí. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ máa ń dúró lórí ilẹ̀, wọ́n á ṣí máàpù orí fóònù, wọ́n á sì da nọ́ńbà tí máàpù náà fi ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n dúró sí kọ sínú ìkìlọ̀. Wọ́n ní èrò rere. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè wa ní apá ibí ni wọ́n ṣe lórí ètò ìwọ̀n Minna, èyí tí àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà fi ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, ní ìpín rẹ̀ tí à ń pè ní Zone 31, fóònù sì ń lo ètò ìwọ̀n mìíràn tí gbogbo ayé ń lò. Bí a bá gbé nọ́ńbà máàpù fóònù lé orí ìwé sọ́fè láìyí i padà, àyè tó ń tọ́ka sí yóò sún kúrò ju ìbú plọ́ọ̀tì kan lọ dáadáa, ilẹ̀ aládùúgbò ni yóò sì bọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ nọ́ńbà máàpù fóònù, kó sọ ọ́ gbangba pé ti máàpù fóònù ni, kó má sì fi rọ́pò nọ́ńbà pílà.

Ìṣòro mìíràn ni pé ilẹ̀ máa ń yí orúkọ padà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Onílé lè ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n papọ̀, kí ìwé sọ́fè mẹ́rin di ẹyọ kan; ó sì lè gé ilẹ̀ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ láti máa tà á ní plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹyọ kan di mẹ́wàá. Oníṣẹ́ tó di nọ́ńbà àtijọ́ mú yóò rò pé òun ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Nítorí náà, kí ìkìlọ̀ kọ nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun pọ̀, kó sì sọ èyí tó ti ara èyí jáde. Ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ni kí a yẹ̀wé wò lẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ tẹ ìkìlọ̀, kí a má kàn gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé owó sọ́fè wọ́n, pé ẹni tí wọ́n jẹ lówó kò tún ní owó tí yóò fún awọnlẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mi ò sì kọ̀wé yìí láti wá iṣẹ́ fún àwa awọnlẹ̀. Ohun tí mò ń sọ kò gba sọ́fè tuntun. Ilẹ̀ tí ènìyàn gidi ń kọ́lé sí ti ní ìwé sọ́fè kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, èyí tí a bá sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, n’Íbàdàn ṣeé lọ wò níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí oníṣẹ́ béèrè ẹ̀dà gbogbo wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń dúnàádúrà, nígbà tí onílé ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i, kó ya fọ́tò wọn, kó sì fi wọ́n kún ìwé àdéhùn. Onílé tó bá kọ̀ láti fi ìwé ilẹ̀ han ẹni tó fẹ́ kọ́lé fún un ti sọ ohun kan fún un nípa ara rẹ̀.

Ní ti àwọn aṣòfin wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo gbà pé ó tó àkókò kí wọ́n ro òfin tí yóò dáàbò bo owó iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà, oníbúlọ́ọ̀kù àti agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ni láti wo bí irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò ṣe bá Òfin Lílo Ilẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ tèmi kò ju ọ̀kan lọ: kí wọ́n má ṣe é láìkọ abala kan nípa bí a ó ṣe máa ṣàpèjúwe ilẹ̀, àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wà lórí ilẹ̀ púpọ̀. Kí wọ́n sì ṣàánú ẹni tó ṣe àṣìṣe kékeré, bí òfin Ontario ṣe ṣe. Bí lẹ́tà kan bá ṣì nínú nọ́ńbà sọ́fè, tí gbogbo ohun tó kù sì fi ilẹ̀ náà hàn láìsí iyèméjì, kò yẹ kí òṣìṣẹ́ tìtorí ìyẹn pàdánù owó òógùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù kàn yín, Olóòtú wa ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gba àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí wọlé, ọ̀dọ̀ yín sì ni àtúnṣe ti lè tètè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de aṣòfin. Kí akọ̀wé yín tó ń gba ìpolówó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ìkìlọ̀ gbèsè iṣẹ́ ilé wá pé: ilẹ̀ mélòó ni iṣẹ́ yìí wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà ìwé sọ́fè ọ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́, èló ni gbèsè tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ẹ dá a padà sílé tìfẹ́tìfẹ́ kó lọ wá a wá, dípò kí ẹ gba owó ìpolówó tí kò ní í ṣe é láǹfààní. Mo ti ṣe àpẹẹrẹ fọ́ọ̀mù ojú ewé kan tí àyè wà nínú rẹ̀ fún ilẹ̀ mẹ́fà, mo fi í sínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo yọ̀ǹda kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ tún un ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú yín, kí ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ dà á kọ láìsan kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awọnlẹ̀ kan,
Kínnírá, Ògbómọ̀ṣọ́.